Àkókò ìdánwò SQL Server ti tán, ìwé owó alájẹṣẹ́kù wa ò ṣí mọ́

Akọ̀wé_Ìsánlú | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìsánlú níbí. Àwọn ìyá ọlọ́jà, tíṣà àti àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo àkọsílẹ̀ wa wà: owó tí kálukú ń dá, ẹ̀yáwó tó gbà, èyí tó ti san àti èyí tó kù lọ́rùn rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ètò náà ò ti ṣí mọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ní òun ò rí sáfà. Mo wọ inú Event Viewer, níbi tí Windows ti ń kọ àṣìṣe sílẹ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "SQL Server evaluation period has expired" (pé àkókò ìdánwò SQL Server, ètò Microsoft tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa, ti tán), nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 17051.

Ẹni tó bá wa ṣe é ti kúrò ní Kogi. Nígbà tí mo pè é, ó ní ti ìdánwò lòun fi síbẹ̀, pé kí a wá ra Enterprise, ẹ̀yà rẹ̀ tó wọ́n jù, báyìí. Bí a bá kó gbogbo èrè ẹgbẹ́ jọ, kò lè tó iye tó dárúkọ. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé, àwọn tó fẹ́ yáwó ra ajílẹ̀ sì ti ń retí. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé, ṣé àkọsílẹ̀ náà ti parẹ́ ni? Kọ̀ǹpútà kan ni sáfà, mẹ́ta mìíràn ló ń so mọ́ ọn.

Ọ̀dọ́_Gbẹ̀dẹ̀ | 7:58 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kò le rárá. Ẹ dá déètì kọ̀ǹpútà yẹn padà sí oṣù tó kọjá, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn. Á ṣí. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 8:31 àárọ̀

Àbúrò mi Gbẹ̀dẹ̀, wàhálà tí ìyẹn máa dá sílẹ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Akọ̀wé wa, ẹ má ṣe é o.

Iṣẹ́ owó lẹ ń ṣe. Bí déètì sáfà bá ti di ti oṣù tó kọjá, owó tí ẹ bá gbà lónìí, oṣù tó kọjá ni ètò máa kọ ọ́ sí. Èlé orí ẹ̀yáwó á dàrú. Ìyá tó san ti oṣù yìí lásìkò, ètò á ní kò tíì san. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹn kan náà wọ ojú òpó báńkì, ó lè má gbà yín wọlé, torí déètì tiyín lè má bá ti ìwé ẹ̀rí tiwọn mu. Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ọjọ́ 180 ló wà nínú àdéhùn tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ. Fífi déètì tàn án jẹ́, àdéhùn yẹn lẹ dà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Àkọsílẹ̀ yín ò parẹ́. Evaluation (ti ìdánwò) yìí, Enterprise gan-an ni, gbogbo ohun tí Enterprise lè ṣe ló lè ṣe, àmọ́ fún ọjọ́ 180. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, ètò tó ń ka dátábéèsì (àkápọ̀ àkọsílẹ̀ yín) ló máa ń kọ̀ láti dìde. Kì í pa fáìlì kankan rẹ́. Fáìlì méjì ni kẹ́ ẹ wá: ọ̀kan parí sí .mdf, òun ni àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì parí sí .ldf, òun ló ń kọ gbogbo àyípadà tó wọlé sílẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹ wọ C:\Program Files\Microsoft SQL Server. Bó bá jẹ́ 2022, ẹ máa rí fódà tó ń jẹ́ MSSQL16.MSSQLSERVER, bó bá jẹ́ 2019, MSSQL15 ni. Ẹ ṣí i, ẹ ṣí MSSQL, ẹ ṣí DATA.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì méjèèjì sórí hard disk tó dá dúró, kẹ́ ẹ tún ṣe òmíràn síbòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má yọ SQL Server kúrò o. Kí ẹnikẹ́ni má fọ Windows. Bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà yẹn, ẹ padà wá síbí.

Akọ̀wé_Ìsánlú | 10:05 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Mo rí wọn. MSSQL16 ni. Mo ti ṣe ẹ̀dà wọn sórí hard disk, mo sì tún ṣe ọ̀kan sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ti .mdf jẹ́ 3.4 GB. Àmọ́ ti .ldf jẹ́ 11 GB! Báwo lèyí tó ń kọ àyípadà ṣe máa tóbi ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ?

Ọmọ_Owé | 10:22 àárọ̀

Ẹ lo Express, mà, ẹ̀yà SQL Server tó kéré. Microsoft fúnra wọn ló ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè fi ṣòwò, kò ní ọjọ́ tó ń tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í gbà ju 10 GB lọ fún dátábéèsì kan, tiyín sì ti lé ní 14 GB. Ẹ máa ní láti pa àkọsílẹ̀ ọdún àtijọ́ rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí setup, ẹ lọ sí Maintenance, ẹ tẹ Edition Upgrade (yíyí ẹ̀yà padà), ẹ mú Express.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 10:50 àárọ̀

Express ni èmi náà fẹ́ dárúkọ. Àmọ́ ẹ má pa àkọsílẹ̀ kankan rẹ́ o! 10 GB yẹn, fáìlì àkọsílẹ̀ nìkan ló ń kà, kì í ka .ldf mọ́ ọn. 3.4 GB lẹ ní lójú Express, àyè ṣì pọ̀.

Edition Upgrade náà ò ní gbà yín. Láti Evaluation, ó lè gbé yín lọ sí Standard, Web, Developer tàbí Enterprise. Kò sí ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ sí Express. Ńṣe lẹ máa fi Express sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti kú yẹn, gẹ́gẹ́ bí instance mìíràn (SQL Server kejì lórí kọ̀ǹpútà kan náà), kẹ́ ẹ wá so fáìlì yín mọ́ ọn. Tiyín jẹ́ 2022, torí náà Express 2022 tàbí èyí tó jẹ́ tuntun jù ú lọ ni kẹ́ ẹ mú. Ti 2019 ò ní ka fáìlì tí 2022 ti fọwọ́ kàn, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò ni.

Ní ti .ldf tó wú bẹ́ẹ̀: wọ́n fi dátábéèsì yín sí FULL recovery, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe backup fún log rẹ̀ (.ldf yẹn). Ní FULL, kì í ju ohun tó ti kọ sílẹ̀ nù àfi tí wọ́n bá ti ṣe backup rẹ̀. Á kàn máa wú lọ ni.

Ẹ má retí kí Express ṣe ohun tí Enterprise ń ṣe ṣá. Mẹ́mòrì tó ń lò fún dátà ò ju 1,410 MB lọ, kì í sì lo ju core (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) 4 lọ. Fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Fún àwọn tí tiwọn bá ti ń sún mọ́ 10 GB, ti 2025 ti sọ gbèdéke yẹn di 50 GB.

Bàbá_Ẹ̀gbẹ̀ | 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀. Ìbéèrè tèmi rèé: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń rí ibi tí wọ́n ti ń ta product key ti Standard ní owó pọ́ọ́kú. Bó bá jẹ́ pé ó ń wọlé, kí ló dé tí ẹgbẹ́ ò lè ra ìyẹn, kí gbogbo wàhálà yìí dópin?

Oníṣirò_Lọ́kọ́ja | 1:03 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán sà. Iṣẹ́ ìṣirò owó àwọn ẹgbẹ́ ni mo ń ṣe, ibi yìí gan-an ló sì ń dùn mí. Pé product key wọlé kò túmọ̀ sí pé ẹ ní láísẹ́ńsì. Àdéhùn àti rìsíìtì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí ni láísẹ́ńsì. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣí nǹkan lásán ni key. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹlòmíràn jáde tà. Sọ́fíwìa sì wà lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ (Copyright Act) ti Nàìjíríà, èyí tí tuntun rẹ̀ ń jẹ́ ti 2022. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú owó ìyá ọlọ́jà, kò yẹ kó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé rárá.

Bí ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ fẹ́ rà á, ta ló ní Enterprise ni wọ́n nílò? Iye tí Microsoft fúnra wọn kọ síta fún 2022 rèé. Enterprise, core ni wọ́n fi ń tà á, $15,123 fún core 2, kò sì sẹ́ni tó lè ra èyí tó dín sí core 4. Ìyẹn jẹ́ $30,246. Standard lọ́nà kan náà jẹ́ $3,945 fún core 2, ó di $7,890. Àmọ́ Standard ní ọ̀nà kejì: $989 fún sáfà, àti $230 fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tàbí èèyàn kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin jẹ́ $920. Ẹ pa á pọ̀, $1,909. Ẹ wo bí $1,909 ṣe jìnnà sí $30,246, ohun kan náà ni ẹgbẹ́ yín máa fi méjèèjì ṣe. Owó ńlá ṣì ni, mo mọ̀, pàápàá bí dọ́là ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi Enterprise dẹ́rù bà yín mọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 1:20 ọ̀sán

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ Standard lẹ rà lẹ́yìnwá ọ̀la, Edition Upgrade yẹn ló máa ṣiṣẹ́. Kódà bí ọjọ́ bá ti pé, ẹ ṣí setup láti inú ISO (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé SQL Server sórí ẹ̀rọ), ẹ fi key síbẹ̀, gbogbo nǹkan á dìde níbi tó wà, láìgbé fáìlì kankan.

Ọmọ_Bùnú_Èkó | 2:44 ọ̀sán

Okun o, ará ilé. Oracle, dátábéèsì iléeṣẹ́ mìíràn, ni mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó níbí. Mo fẹ́ sọ èyí torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dábàá rẹ̀: Oracle ò ní ọjọ́ 180. Wọn kì í bi yín ní key. Ẹ gbà á láti ojú òpó wọn, ẹ fi sórí ẹ̀rọ, á máa ṣiṣẹ́ títí ayé. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú èèyàn. Àdéhùn tí ẹ gbà lọ́jọ́ tí ẹ gbà á sọ́wọ́ ni pé ẹ máa fi kọ́ iṣẹ́, ẹ máa fi dán ètò wò, ẹ máa fi han èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà gidi, ẹ ti jẹ gbèsè, kò sì ní sọ fún yín.

Á kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àtòjọ kan (view) wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ DBA_FEATURE_USAGE_STATISTICS. Gbogbo ohun tó ń gba owó lọ́tọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn, irú bíi Partitioning tàbí Diagnostics Pack, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, tòun ti ọjọ́. Ẹni tó bá ń bójú tó o gbọ́dọ̀ yí control_management_pack_access sí NONE bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ò bá ra pack yẹn, torí lórí Enterprise, ó máa ń wà ní títàn látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò wọn bá dé, àtòjọ yẹn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè.

Ti ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi ṣòwò ni XE, èyí tí wọ́n ń pè ní Database Free báyìí: CPU thread 2, mẹ́mòrì 2 GB, dátà 12 GB. Wọn kì í tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde láàárín ẹ̀yà méjì, ẹ máa dúró de èyí tó bá tún jáde. Db2, dátábéèsì ti IBM, náà ní Community Edition, core 4, mẹ́mòrì rẹ̀ náà sì ní gbèdéke. Ẹ tẹ db2licm -l, á sọ irú láísẹ́ńsì tó wà lórí ẹ̀rọ àti ọjọ́ tó máa tán. Ọ̀nà kálukú wọn yàtọ̀. Kẹ́ ẹ má mú ìrírí ọ̀kan lọ sórí èkejì.

Ọ̀dọ́_Gbẹ̀dẹ̀ | 3:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Kàbà, ẹ dárúkọ Developer lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ọjọ́, kò ní gbèdéke 10 GB, Enterprise ló sì dà bí. Edition Upgrade tún gbà á. Èyí ò ha rọrùn ju Express lọ?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 3:26 ọ̀sán

Ó rọrùn láti fi síbẹ̀, àbúrò, àmọ́ ẹni tó ń kọ ètò tàbí tó ń dán an wò ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ìyá tó ń sanwó ní káńtà ọ́fíìsì kì í ṣe ìdánwò. Ó dà bíi ti Oracle tí ẹ̀gbọ́n Bùnú ń sọ: ẹ̀rọ ò ní dá yín dúró, àdéhùn ni kò gbà á.

Ìwọ gan-an ni Developer yẹ. O ń kọ́ iṣẹ́, fi sórí láptọ́ọ̀pù rẹ kí o máa fi ṣe ìdánrawò. Kò ní dákú mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 180.

Ìyá_Ìyàrà | 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní dátábéèsì kan tó ń jẹ́ PostgreSQL ló yẹ kí gbogbo yín máa lò, pé kò sí láísẹ́ńsì kankan tí èèyàn ń rà. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_Bùnú_Èkó | 4:30 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni mà. PostgreSQL ọ̀fẹ́ ni fún ohunkóhun, kò ní gbèdéke, ó sì dára gidi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun lónìí, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ti Akọ̀wé wa yàtọ̀. Ẹni tó kọ ètò alájẹṣẹ́kù yẹn, SQL Server ló kọ ọ́ fún. Ètò kan tó ń jẹ́ pgloader lè kó táábù àti àkọsílẹ̀ inú wọn lọ sí PostgreSQL, àmọ́ kò lè tún ètò tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì kọ. Bí ẹni tó kọ ọ́ ò bá ṣe é, ẹ máa ní dátà ní ibì kan, kẹ́ ẹ má rí ohun tó máa kà á. Iṣẹ́ Sátidé kọ́ nìyẹn.

Akọ̀wé_Ìsánlú | Ọjọ́rú, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ àná gbogbo yín. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán Express wò lórí láptọ́ọ̀pù mi kí n tó fọwọ́ kan sáfà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dára lọ́sàn-án, òru ni mo fi gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí ló kọ "Wait on the Database Engine recovery handle failed". Mo yọ ọ́, mo tún un fi síbẹ̀, nǹkan kan náà ni. Láptọ́ọ̀pù tuntun ni o, Windows 11.

Ọmọ_Owé | 9:20 àárọ̀

Ẹ yọ ọ́ pátápátá, mà, kẹ́ ẹ pa gbogbo fódà rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ tún Windows pa kẹ́ ẹ tàn án, kẹ́ ẹ wá fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 9:41 àárọ̀

Bí ẹ bá fi síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ló máa ti dúró. Mo ti rí i lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun. SSD (disk) inú wọn ló fà á. SQL Server ń retí kí disk sọ pé sector òun (ìwọ̀n ègé tó ń kọ dátà sí) jẹ́ 512 tàbí 4096. Àwọn SSD kan tó jẹ́ NVMe, lórí Windows 11, ń sọ iye tó ju 4096 lọ, SQL Server á sì kọ̀ láti dìde.

Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ:

fsutil fsinfo sectorinfo C:

Ẹ wo ìlà méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PhysicalBytesPerSector. Bí ẹ bá rí 8192 tàbí 16384 níbẹ̀, òun nìyẹn. Ẹ wá tẹ èyí lórí ìlà kan ṣoṣo:

REG ADD "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\stornvme\Parameters\Device" /v "ForcedPhysicalSectorSizeInBytes" /t REG_MULTI_SZ /d "* 4095" /f

4095 ni o, kì í ṣe 4096. Àmì ìràwọ̀ àti àlàfo tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún un tàn, ẹ yọ èyí tó kùnà yẹn, ẹ wá fi Express síbẹ̀ lákọ̀tun.

Akọ̀wé_Ìsánlú | 11:35 àárọ̀

16384 ló kọ! Mo ti ṣe é, Express ti dìde. Ọlọ́run á bù kún yín. Báwo ni mo ṣe máa so fáìlì náà mọ́ ọn báyìí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 12:08 ọ̀sán

Àmín o. Ẹ ṣe fódà kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní C:\Data, ẹ kó ẹ̀dà .mdf àti .ldf síbẹ̀. Ẹ̀dà ni o, ti hard disk kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí fódà yẹn, Properties, Security, ẹ fi NT SERVICE\MSSQL$SQLEXPRESS kún un, ẹ fún un ní Full control. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo ibí yìí, wọ́n á wá máa rí "Operating system error 5: Access is denied", wọ́n á rò pé fáìlì ti bàjẹ́.

Ẹ fi SSMS, ètò tí wọ́n fi ń ṣí dátábéèsì wò, síbẹ̀, òun náà ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣí i gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ so mọ́ .\SQLEXPRESS, ẹ ṣí New Query:

CREATE DATABASE Ajeseku ON (FILENAME = 'C:\Data\Ajeseku.mdf'), (FILENAME = 'C:\Data\Ajeseku_log.ldf') FOR ATTACH;

Ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò tèmi. Bí ó bá ṣí, ẹ wo ìlà bíi mélòó kan nínú táábù owó, ẹ fi wé káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbàgbọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé orí sáfà gan-an, ẹ rí i pé iná wà tàbí pé jẹnẹrétọ̀ ní epo tó. Kí iná má lọ láàárín. Ẹ yan Mixed Mode nígbà tí ẹ bá ń fi Express síbẹ̀, torí ètò bíi tiyín sábà máa ń fi orúkọ àti password tirẹ̀ wọlé.

Akọ̀wé_Ìsánlú | Ọjọ́bọ̀, 10:20 àárọ̀

Mo ti ṣe é lórí sáfà. Dátábéèsì ṣí, mo fi wé káàdì, ó bára mu. Ohun méjì ló kù. Ètò náà ní "Login failed" lórí sáfà. Àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́ta yòókù ò tilẹ̀ rí sáfà rárá.

Ọmọ_Owé | 10:34 àárọ̀

Ti login, mà: inú dátábéèsì master ni login ń gbé, ti àtijọ́ lẹ fi sílẹ̀ sí. User inú dátábéèsì yín wà, àmọ́ kò ní login tó ń tọ́ka sí mọ́. Ẹ ṣí fáìlì config ètò náà, ẹ wo orúkọ tó fi ń wọlé. Ẹ dá login tuntun pẹ̀lú orúkọ àti password yẹn, lẹ́yìn náà:

USE Ajeseku; ALTER USER [orukọ_yẹn] WITH LOGIN = [orukọ_yẹn];

Nínú config kan náà, níbi tó bá ti kọ orúkọ sáfà, ẹ fi \SQLEXPRESS kún un.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 10:47 àárọ̀

Gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ti mẹ́ta yòókù: Express kì í tan TCP/IP, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí SQL Server Configuration Manager, Protocols for SQLEXPRESS, ẹ tan TCP/IP. Ẹ wọ Properties rẹ̀, IP Addresses, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé IPAll, ẹ pa ohun tó wà nínú Dynamic Ports rẹ́, ẹ kọ 1433 sí TCP Port. Ẹ tún service náà tàn. Ẹ wá ṣí 1433 nínú Windows Firewall, fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì nìkan. Nínú config àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ lè kọ orúkọ sáfà, àmì ìdánudúró díẹ̀, àti 1433.

Akọ̀wé_Ìsánlú | 1:15 ọ̀sán

Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Mo ti tẹ ìwé ẹ̀yáwó Sátidé jáde. N kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ní ti backup, ṣé kí n kàn máa kó .mdf sórí fláàṣì lálaalẹ́?

Oníṣirò_Lọ́kọ́ja | 1:40 ọ̀sán

Rárá o. Bí SQL Server bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fáìlì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kó o. Ẹ ṣe backup gidi. Express ò ní SQL Server Agent, tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí ẹ bá yàn, torí náà Task Scheduler ti Windows lẹ máa fi ṣe é:

sqlcmd -S .\SQLEXPRESS -E -Q "BACKUP DATABASE Ajeseku TO DISK='D:\Backup\Ajeseku_Aje.bak' WITH INIT, CHECKSUM"

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ kó ní orúkọ fáìlì tirẹ̀. Ẹ má kọ COMPRESSION sí i, Express ò gbà á. Ẹ zip rẹ̀ lẹ́yìn náà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè èèyàn ló wà nínú fáìlì yẹn, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 sì fi ojúṣe ìtọ́jú rẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi password sí zip náà, kí fláàṣì sì máa gbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù akápò, kó má máa bá èèyàn wọ ọkọ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 1:52 ọ̀sán

Kẹ́ ẹ sì yí recovery sí SIMPLE, tó máa ń ju ohun inú log nù fúnra rẹ̀, kí .ldf má bàa tún wú. DBCC SHRINKFILE á dín 11 GB yẹn kù.

Oníṣirò_Lọ́kọ́ja | 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, níbi owó, n kò fara mọ́ SIMPLE. Bí disk bá kú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ti alẹ́ àná nìkan lẹ máa rí gbà padà. Kí FULL wà, kí Task Scheduler máa ṣe BACKUP LOG ní wákàtí wákàtí sórí disk mìíràn. .ldf ò ní wú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe_Kàbà | 2:19 ọ̀sán

Bí ẹnì kan bá wà tó máa wò ó lójoojúmọ́ pé BACKUP LOG náà ń ṣiṣẹ́, mo gbà. Bí kò bá sí, ẹ máa tún padà sí 11 GB. Akọ̀wé wa ló mọ àwọn èèyàn rẹ̀.

Akọ̀wé_Ìsánlú | 2:50 ọ̀sán

Màá ṣe ti wákàtí wákàtí. Akápò wa máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn lójoojúmọ́, màá fi hàn án bó ṣe máa wò ó.

Ìyá_Ìyàrà | 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti bà mí lẹ́rù o. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà ní SQL Server lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe èsì ìdánwò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ti ìdánwò ni, àti ọjọ́ tó máa tán, kó tó dá wa dúró?

Ọmọ_Owé | 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣí SSMS, mà, New Query, ẹ tẹ:

SELECT SERVERPROPERTY('Edition');

Bí ẹ bá rí "Evaluation" nínú ohun tó kọ, ẹ tẹ èyí tẹ̀ lé e:

SELECT DATEADD(DAY, 180, create_date) FROM sys.server_principals WHERE name = 'NT AUTHORITY\SYSTEM';

Ọjọ́ tó bá jáde níbẹ̀ ló máa dúró. Ẹ ṣe backup lónìí, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ "Express" ló kọ, kò sí ọjọ́ kankan tó ń bọ̀.

Ìyá_Ìyàrà | Ọjọ́ Ẹtì, 8:25 àárọ̀

"Enterprise Evaluation Edition" ló kọ, ọjọ́ tó jáde sì bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ ìdánwò sáà yìí gan-an. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ sí Express.